Ọwọ́ Ta Ni Ìtọ́jú Afárá Eyín Wà? Àgbéyẹ̀wò Ìtàn láti Ilẹ̀ Ítálì Àtijọ́ títí di Ọdún 1965

1. Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní funfun ni iyì eyín. Òwe yìí kò sọ ohun tí ó yẹ kí ènìyàn ṣe nígbà tí eyín bá ká tí àlàfo sì ṣẹ́ kù sí ẹnu. Láti ayé àtijọ́ ni oríṣiríṣi ẹ̀yà ènìyàn ti ń wá ọ̀nà láti dí irú àlàfo bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan lára ọ̀nà wọ̀nyí ni afárá eyín. Ohun tí afárá eyín túmọ̀ sí nínú bébà yìí ni eyín àtọwọ́dá kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a so mọ́ eyín tòótọ́ tí ó wà ní apá ọ̀tún àti apá òsì àlàfo, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbé afárá lé orí òpó ní bèbè odò méjèèjì. Eyín àtọwọ́dá fúnra rẹ̀ kì í jẹrà. Òpó tí ó gbé e ró ni ó ń jẹrà, bí òpó bá sì wó, afárá ti lọ.

Ìtàn ọgbọ́n ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé máa ń ka ìtàn afárá eyín sí: ta ni ó kọ́kọ́ lo wúrà, ta ni ó kọ́kọ́ lo tánganran. Bébà yìí gbà pé ìdajì ìtàn náà ni èyí. Ìdajì kejì ni ọ̀rọ̀ ìtọ́jú. Nígbà tí oníṣẹ́ bá ti parí iṣẹ́ tirẹ̀, ọwọ́ ta ni ìtọ́jú afárá náà wà? Ìdáhùn tí ìgbà kọ̀ọ̀kan fún ìbéèrè yìí ni a tò lẹ́sẹẹsẹ sí ìsàlẹ̀. Yóò hàn pé nígbà tí ìdáhùn náà wọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó pàdánù eyín tí kò yẹ kí wọ́n pàdánù.

2. Wúrà àwọn Etruscan

Àwọn Etruscan ni wọ́n ń gbé àárín gbùngbùn ilẹ̀ Ítálì kí Róòmù tó di alágbára. Láti nǹkan bí ọ̀rúndún keje ṣáájú ìbí Kristi ni àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà wọn ti ń rọ ọ̀já wúrà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń yí eyín iwájú ká. Ọ̀já náà a di eyín tòótọ́ mú ní ọ̀tún àti ní òsì, eyín àtọwọ́dá a sì wà láàrin wọn. Inú ibojì ni àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ní Tarquinia àti ní àwọn ìlú mìíràn, nínú ẹnu àwọn obìnrin ọlọ́lá ní pàtàkì.

Wúrà yìí kò ṣàjèjì sí àwọn ará Róòmù pẹ̀lú. Nínú òfin tí wọ́n ń pè ní Òfin Wàláà Méjìlá, tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 450 ṣáájú ìbí Kristi, èèwọ̀ ni kí a sin wúrà mọ́ òkú. Ṣùgbọ́n òfin náà yọ wúrà tí a fi di eyín òkú sílẹ̀: kò lòdì sí òfin láti sin òkú pẹ̀lú rẹ̀. Èyí fi hàn pé wọ́n ti ka wúrà náà mọ́ ara ẹni tí ó ní in, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ tí a lè bọ́ sílẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Ohun tí ó bá sì ti di ara ènìyàn, bí a ti ń tọ́jú ara ni ó yẹ kí a máa tọ́jú rẹ̀.

3. Lẹ́tà Greenwood sí Ààrẹ Washington

Ẹ̀rí tí ó ṣe kedere nípa ìtọ́jú wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún. Nígbà tí George Washington búra gẹ́gẹ́ bí ààrẹ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1789, eyín tòótọ́ kan ṣoṣo ni ó kù sí i lẹ́nu. John Greenwood, oníṣègùn eyín ní New York, ni ó ṣe eyín àtọwọ́dá fún un. Eyín erinmi ni ó gbẹ́ fún ìdí rẹ̀, ó sì dá ihò sí i kí eyín kan tí ó kù náà lè gba ibẹ̀ yọ, kí ó sì di iṣẹ́ náà mú. Eyín ènìyàn wà lára ohun tí àwọn oníṣẹ́ ìgbà náà máa ń lò. Ìwé ìṣirò owó Washington fi hàn pé ní ọdún 1784, ó sanwó eyín mẹ́sàn-án fún àwọn ẹrú aláwọ̀ dúdú. Àlàfo ẹnu ẹnìkan ni wọ́n fi ń dí àlàfo ẹnu ẹlòmíràn.

Iṣẹ́ Greenwood kì í ṣe afárá gan-an, nítorí pé ó ṣe é yọ, ṣùgbọ́n ìbátan afárá tí ó sún mọ́ ọn ni. Ní oṣù kejìlá ọdún 1798, Greenwood kọ lẹ́tà sí Washington nítorí pé eyín tí ó fi ránṣẹ́ fún àtúnṣe ti dúdú kọjá ààlà. Ó sọ fún un pé wáìnì ni ó fà á, yálà ó ń rẹ eyín náà sínú rẹ̀ tàbí ó ń mu ún, nítorí pé kíkan inú wáìnì a máa bó dídán ara eyín kúrò. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí ó yọ eyín náà lẹ́yìn oúnjẹ, kí ó fi í sínú omi tí ó mọ́, kí ó sì fi òmíràn sẹ́nu. Tàbí kí ó fi búrọ́ọ̀ṣì àti ẹfun kíkúnná fọ̀ ọ́.

Ohun méjì ni ó yẹ ní àkíyèsí nínú lẹ́tà yìí. Èkíní, oníṣẹ́ kò dá ara rẹ̀ lẹ́bi, kò sì dá ohun èlò lẹ́bi; ó wá ìdí ìbàjẹ́ náà lọ sínú oúnjẹ àti ìṣe ẹni tí ó ni ín. Èkejì, ó kọ́ olówó eyín náà ní ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe. Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ìdáhùn Greenwood sí ìbéèrè bébà yìí kò lọ́ tìkọ̀: oníṣẹ́ ni yóò kọ́ni, olówó eyín ni yóò sì máa tọ́jú.

4. Ẹ̀sùn Hunter àti ohun tí ó tẹ̀ lé e

Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, iṣẹ́ afárá yí padà. Àwọn oníṣègùn eyín, pàápàá ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í fá eyín òpó kéré, wọ́n ń dé e ní adé wúrà, wọ́n sì ń fi sìmẹ́ńtì lẹ̀ ẹ́ pinpin. Ẹni tí ó ni ín kò lè yọ ọ́ mọ́ kí ó fi í sínú omi bí Greenwood ti wí. Inú ẹnu ni ó gbọ́dọ̀ ti fọ̀ ọ́, búrọ́ọ̀ṣì kò sì lè dé abẹ́ rẹ̀.

Àsìkò yìí gan-an ni ìmọ̀ nípa ìdíbàjẹ́ eyín gbòòrò. Willoughby Miller, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Berlin, tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1890 tí ó fi ṣàlàyé pé àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ẹnu a máa sọ ìyókù oúnjẹ di èròjà kíkan, èròjà yìí a sì máa jẹ awọ líle ara eyín. Bí a bá gbé àlàyé yìí lé orí afárá, ó yé ni pé ibi tí oúnjẹ ti ń há, ní ibi tí etí adé ti pàdé èrìgì, ni ìbàjẹ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 1910, William Hunter, oníṣègùn láti London, sọ̀rọ̀ ní Yunifásítì McGill ní Montreal. Ó fi adé àti afárá wúrà tí wọ́n gbé lé eyín aláìsàn wé ibojì wúrà tí wọ́n kọ́ lé orí ìdíbàjẹ́ àti ọyún. Ọ̀rọ̀ yìí ní òtítọ́ nínú, nítorí pé àwọn oníṣẹ́ kan wà tí ń dé eyín jíjẹrà ní adé láìtọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ tí ọ̀pọ̀ fún un ni pé eyín fúnra rẹ̀ ni ọ̀tá. Èrò gbilẹ̀ pé àrùn tí ó sá pamọ́ sí ìdí eyín ni ó ń fa làkúrègbé àti oríṣiríṣi àìsàn ara, bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣègùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ eyín ní rẹpẹtẹ. Ní ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Trenton, ní New Jersey, Henry Cotton yọ eyín àwọn aláìsàn rẹ̀ nítorí ó gbà pé ibẹ̀ ni wèrè ti ń wá. Ó tún gé lára ìfun àwọn mìíràn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú.

Ọdún 1938 ni Russell Cecil àti Murray Angevine gbé àyẹ̀wò aláìsàn làkúrègbé 200 jáde, tí ó fi hàn pé yíyọ eyín kò wo àrùn náà sàn. Láti ìgbà náà ni agbára èrò yìí ti ń dín kù. Àṣìṣe ìgbà náà kò fara sin: Hunter rí ìdọ̀tí lábẹ́ afárá, àwọn tí ó tẹ̀ lé e sì yọ òpó dípò kí wọ́n fọ ìdọ̀tí.

5. Òwú àti ẹ̀rí

Ohun èlò tí ó lè dé abẹ́ afárá ti wà nílẹ̀ kí a tó bí Hunter. Ní ọdún 1819, Levi Spear Parmly, oníṣègùn eyín ọmọ Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ sínú ìwé pé kí ènìyàn máa fa òwú ṣẹ́dà tí a fi ìda pa láàrin eyín kan àti èkejì. Nígbà tí ó yá, òwú ọ̀rá rọ́pò ṣẹ́dà, pàápàá láti ọdún 1940 sí 1949, nígbà tí Charles Bass ti New Orleans ń wàásù ìlò rẹ̀.

Ẹ̀rí tí kò ṣe é jiyàn dé ní ọdún 1965. Ní Aarhus, ní ilẹ̀ Denmark, Harald Löe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí ènìyàn 12 tí èrìgì wọn le dáadáa má fọ eyín mọ́. Láàrin ọjọ́ 10 sí 21, èrìgì gbogbo wọn ti wú. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ eyín, èrìgì wọn padà bọ̀ sípò. Ìdánwò náà kò dá lé afárá, ṣùgbọ́n òpó afárá kì í ṣe ohun mìíràn ju eyín àti èrìgì lọ.

Orí ìmọ̀ yìí ni ìtọ́jú afárá òde òní dúró lé. A ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ òkè àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lówùúrọ̀ àti lálẹ́. A ó fi okùn ọ̀rá líle fa òwú gba abẹ́ eyín àtọwọ́dá kọjá, nítorí pé òwú kò lè ti òkè wọ ibi tí a ti lẹ̀ pọ̀. A sì lè ki búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín bọ abẹ́ rẹ̀ bí àyè bá gbà á. Pákò tí àwọn baba ńlá Yorùbá fi ń fọ eyín wúlò fún ojú eyín, ṣùgbọ́n bí búrọ́ọ̀ṣì kò ti lè wọ abẹ́ afárá, bẹ́ẹ̀ ni pákò náà kò lè wọ̀ ọ́. A ó dín ohun dídùn kù, a ó sì máa fi afárá náà han oníṣègùn eyín lóòrèkóòrè, nítorí pé sìmẹ́ńtì lè tú ní apá kan kí olówó rẹ̀ má mọ̀, kí eyín òpó sì máa jẹrà lábẹ́ adé láìsí ìrora.

6. Ìgúnlẹ̀

Àgbéyẹ̀wò yìí ti fi hàn pé ìtàn afárá eyín kì í ṣe ti ọgbọ́n ọwọ́ nìkan. Àwọn Etruscan sọ ọ́ di ara ènìyàn. Greenwood fi ìtọ́jú rẹ̀ lé olówó rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì kọ́ ọ bí yóò ti ṣe é. Nígbà tí a lẹ afárá pinpin tí ẹ̀kọ́ ìtọ́jú kò sì bá a rìn, ẹ̀sùn Hunter bá ilẹ̀ tí ó rọ̀, èrè rẹ̀ sì ni eyín tí wọ́n yọ dànù. Ìdánwò Aarhus dá ọ̀rọ̀ náà padà sí ibi tí lẹ́tà ọdún 1798 ti fi í sí. Oníṣẹ́ tí ó gbé afárá lé òpó láìkọ́ni bí a ti ń fọ abẹ́ rẹ̀ kò tíì parí iṣẹ́. Ẹni tí a sì kọ́ tí kò ṣe é, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń wó òpó rẹ̀.