Orúkọ Kan, Ilé Púpọ̀: Ẹ̀rí tí Orúkọ Ìdílé Lè Jẹ́ ní Lagbé àti Ilẹ̀ Ìfọ̀nyìn

Lagbé jẹ́ ọ̀kan nínú ẹkùn ìṣàkóso mẹ́fà tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ifangni, ní ìpínlẹ̀ Plateau, orílẹ̀-èdè Benin. Nàìjíríà ni ó bá ìjọba ìbílẹ̀ náà pààlà ní ìlà-oòrùn. Ní irú agbègbè bẹ́ẹ̀, orúkọ ni àwọn ènìyàn sábà fi ń wá ara wọn rí: ẹni tó bá gbọ́ orúkọ ìdílé tirẹ̀ lẹ́nu àlejò yóò béèrè ilé tó ti wá, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi máa pè é ní ẹbí. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn méjì tàbí ìlú méjì bá ń jẹ́ orúkọ kan náà, kí ni ìyẹn fi hàn? Èrò mi ni pé ọ̀nà tí orúkọ gbà dé inú ìwé ni orúkọ àjọjẹ́ kọ́kọ́ ń jẹ́rìí sí. Kí ó tó lè jẹ́rìí sí ẹ̀jẹ̀, oríkì orílẹ̀, èèwọ̀ àti agbo ilé gbọ́dọ̀ gbè é lẹ́sẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ìdí rẹ̀. Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n láyé àtijọ́, ọmọ nìkan ni orúkọ náà wà fún. Kì í ṣe ohun tí gbogbo ìdílé ń jẹ́. Ọmọkùnrin tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé ni Òjó, ilé yòówù kí wọ́n bí i sí. Nígbà tí ilé-ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ọ́fíìsì ìjọba wá ń béèrè orúkọ kejì, orúkọ bàbá tàbí ti bàbá àgbà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi sílẹ̀, ibẹ̀ ló sì dúró sí. Gbogbo ilé tí bàbá rẹ̀ ń jẹ́ Òjó lásìkò náà ló di ìdílé Òjó. Ọ̀kan lè jẹ́ ọmọ Oníkòyí, kí èkejì jẹ́ ọmọ Olówu, kí wọ́n má sì bára tan rárá. Orúkọ bíi Fágbohùn sọ ju èyí lọ, nítorí ó ń tọ́ka sí ilé tó ń bọ Ifá. Síbẹ̀ ilé tó ń bọ Ifá kò níye nílẹ̀ Yorùbá. Ní Benin, òfin ẹbí ọdún 2004 là á sílẹ̀, kí wọ́n tó yí i padà lọ́dún 2021, pé orúkọ bàbá ni ọmọ tí a bí nínú ìgbéyàwó yóò máa jẹ́, ohun tí ìwé ti dì mọ́lẹ̀ sì túbọ̀ le.

Àdéhùn tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé ṣe ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, èyí tó fi ààlà pín agbègbè yìí láàárín wọn, tún dá kún ọ̀rọ̀ náà. Nínú ìwé tí A. I. Asiwaju gbé jáde lọ́dún 1976 lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, ó fi hàn bí ìjọba méjèèjì ṣe tọ́ àwọn ènìyàn kan náà sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. A lè rí i nínú bí akọ̀wé ṣe ń kọ orúkọ. Akọ̀wé tó kọ́ Faransé a fi d ṣáájú j, a fi ch dípò ṣ, a sì kọ ou níbi tí u wà: Odjo, Adéchina, Fagbohoun. Ẹni tó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì a kọ Ojo, Adesina, Fagbohun. Ọmọ ìyá méjì tí ọ̀kan dàgbà sí Ifangni, tí èkejì dàgbà sí Ìdírókò ní Nàìjíríà, lè dà bí ará ọ̀tọ̀ lórí ìwé, nígbà tí àjèjì méjì tí wọ́n ń gbé ìlú kan náà dà bí ọmọ bàbá kan.

Ti ìlú náà kò yàtọ̀. Ifangni ni Faransé kọ Ìfọ̀nyìn sí, Ìfọ̀nyìntẹ̀dó sì wà ní Ìpókíà, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹ̀rí ibí yìí lágbára, nítorí orúkọ náà fúnra rẹ̀ sọ àwọn tó tẹ ibẹ̀ dó. Ṣùgbọ́n ẹ wo Kétu. Ìlú aládé ni ní Benin, tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì pa run lọ́dún 1886. Kétu kan wà ní Èkó. Ní Bahia ní ilẹ̀ Brazil, Ketu ni wọ́n ń pe ẹ̀ka ńlá kan nínú ẹ̀sìn òrìṣà. Ẹni tí wọ́n bá fi jẹ ìyàwó òrìṣà ní irú ilé bẹ́ẹ̀ di ará Ketu, ibi yòówù kí àwọn bàbá ńlá rẹ̀ ti wá. Ìrántí ìlú kan wà nínú orúkọ náà lóòótọ́, àmọ́ ìran kan ṣoṣo kọ́ ló ń jẹ́ ẹ.

Àwọn kan yóò sọ pé orúkọ bíi de Souza ta ko èrò yìí, pé ẹnì kan ṣoṣo ni orísun rẹ̀: Francisco Félix de Souza, oníṣòwò ẹrú ọmọ Bahia tó kú sí Ouidah lọ́dún 1849. Ẹ̀rí tèmi gan-an nìyẹn. Àwọn tó sìn ín lágbo ilé rẹ̀ pẹ̀lú jẹ́ orúkọ náà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn gbé de Souza tiwọn bọ̀ láti Brazil. Àtakò kejì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ: a lè kọ́ oríkì, a sì lè gba àlejò tàbí ẹrú wọ agbo ilé kí ó máa jẹ́ oríkì ibẹ̀. Òótọ́ ni, ìdí sì nìyí tí n kò fi gbé gbogbo ẹrù lé oríkì lórí. Ṣùgbọ́n bí oríkì, èèwọ̀ àti ìtàn àwọn àgbà ilé bá fẹnu kò, tí orúkọ sì bá wọn mu, ó ṣòro kí irọ́ tó la gbogbo rẹ̀ kọjá.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ti àwọn onímọ̀ lọ. Bí a bá gba orúkọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀jẹ̀, a ó máa dí àwọn tí kò bára tan lọ́wọ́ láti fẹ́ ara wọn, a ó sì máa so àwọn ọmọ bàbá kan pọ̀ gẹ́gẹ́ bí tọkọtaya nítorí pé akọ̀wé kọ orúkọ wọn lọ́nà méjì. Ẹni tí kò ní ìpín nínú ilẹ̀ ẹbí yóò fi ìwé gbà á, ẹni tó ni ín yóò sì pàdánù. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ṣe ìwádìí ìdílé ní Lagbé àti ní gbogbo Ifangni kò gbọdọ̀ kọ orúkọ nìkan sílẹ̀. Kí ó kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é nílé àti bí ó ṣe wà nínú ìwé. Kí ó sì kọ oríkì, èèwọ̀ àti agbo ilé tì í, nígbà tí àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láti sọ ọ́.