Ọwọ́ Tó Ya Igbó Bambi: Ìtàn Àwọn Ayàwòrán Kàtúùnù Tí Orúkọ Wọn Kò Hàn

Bí egúngún bá jáde, tó jó, tí ijó rẹ̀ sì wuyì, aṣọ ni àwọn òǹwòran máa ń yìn. Ẹni tó ń làágùn nínú aṣọ kò ní orúkọ lójú agbo. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ sinimá kàtúùnù rí. Ọmọ tó bá ti wo Bambi mọ ọmọ àgbọ̀nrín náà, ó mọ ehoro ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò sì jẹ́ gbàgbé ọjọ́ tí ìbọn ọdẹ pa ìyá àgbọ̀nrín. Bí a bá bi í léèrè pé ta ló ya àwòrán wọ̀nyí, Walt Disney ni yóò dárúkọ. Disney ló ni iléeṣẹ́, òun ló sì ń pàṣẹ. Ṣùgbọ́n igbó tó rọ̀ bí ìrì òwúrọ̀, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Bambi, inú ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà kan tí ń jẹ́ Tyrus Wong ló ti wá.

Kí ìtàn náà tó lè yéni, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe kàtúùnù kí kọ̀ǹpútà tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ènìyàn. Àwòrán tí kò lè mira ni wọ́n ń yà. Àmọ́ bí àwòrán 24 bá kọjá níwájú ẹni láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ìkọ̀ọ̀kan sì fi díẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ṣáájú rẹ̀, ojú yóò gbà pé ohun kan ṣoṣo ló ń rìn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí ènìyàn bá fẹ́ ya ọkùnrin tó ń rìn lójú títì, àfi kó máa tún ilé, igi àti títì náà yà nínú gbogbo àwòrán. Earl Hurd, ará Amẹ́ríkà, ló rí ọ̀nà àbáyọ. Ní ọdún 1914 ó béèrè fún ìwé àṣẹ ìjọba lórí ọgbọ́n tuntun kan: kí wọ́n ya ohun tó ń rìn sórí abala sẹ́lúlọ́ìdì, èyí tó mọ́ gaara bí ọ̀rá tí à ń fi bo ẹ̀yìn ìwé, kí wọ́n tẹ́ ẹ lé orí àwòrán ilé àti igi tí wọ́n yà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí kámẹ́rà sì mú méjèèjì pọ̀.

Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ti pín sí ọwọ́ púpọ̀. Ọ̀gá ayàwòrán yóò fi pẹ́ńsù ya ìdúró àti ìṣísẹ̀ tó ṣe pàtàkì sórí bébà. Ọmọ iṣẹ́ yóò wá ya àwọn tó wà láàárín ìṣísẹ̀ kan sí èkejì. Lẹ́yìn èyí ni bébà yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin. Ní iléeṣẹ́ Disney, àwọn ọ̀dọ́bìnrin ló kún inú ẹ̀ka tàdáwà àti ọ̀dà. Wọ́n a wọ ìbọ̀wọ́ funfun kí òógùn má baà ba sẹ́lúlọ́ìdì jẹ́. Wọ́n a fi tàdáwà tọ ojú ilà pẹ́ńsù sí iwájú rẹ̀, wọ́n a sì fi ọ̀dà kun ẹ̀yìn rẹ̀. Ilà tó bá gbọ̀n bíńtín lábẹ́ ọwọ́ wọn, gbígbọ̀n rẹ̀ yóò di ńlá bó bá dé ojú aṣọ sinimá. Síbẹ̀, ní ọdún 1938, iléeṣẹ́ náà kọ lẹ́tà sí obìnrin kan tó wá iṣẹ́, wọ́n sì sọ fún un láìfi bò pé àwọn ọ̀dọ́kùnrin nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ àtinúdá níbẹ̀. Ọdún yẹn gan-an ni èrò ń wọ́ tìrítìrí lọ wo Snow White and the Seven Dwarfs, sinimá tí ọwọ́ obìnrin kan kò ṣàì kan abala sẹ́lúlọ́ìdì kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀. Ẹni tó bá wá orúkọ àwọn tó fi tàdáwà tọ ilà rẹ̀ nínú àkọlé sinimá náà, yóò wá a tì.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ sí sẹ́lúlọ́ìdì lẹ́yìn tí kámẹ́rà bá ti yà á tán? Fífọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fọ̀ ọ́. Sẹ́lúlọ́ìdì gbówó lórí. Ọ̀dà á lọ, tàdáwà á lọ, wọ́n a sì tún ya nǹkan mìíràn lé e, bí ọmọ ilé-ìwé àtijọ́ ṣe ń nu síléètì rẹ̀. Púpọ̀ nínú èyí tí wọn kò fọ̀ ni wọ́n dà nù. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan di pàǹtírí ní wàràǹṣeṣà.

Guthrie Courvoisier, ẹni tó ní ilé ìtajà iṣẹ́ ọnà ní San Francisco, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rí owó nínú pàǹtírí yìí. Ní 1938 ó bá Disney ṣe àdéhùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta sẹ́lúlọ́ìdì Snow White tí wọ́n ti tò dáadáa fún fífi kọ́ ara ògiri. Kò pẹ́ rárá tí Metropolitan Museum ní New York pàápàá fi gba ọ̀kan, èyí tó ní àwòrán igún méjì. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé ojú gbogbo ayé là nígbà náà. Nígbà tí ọgbà ìgbafẹ́ Disneyland ṣí ní 1955, ìsọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń ta ojúlówó sẹ́lúlọ́ìdì fún àlejò ní dọ́là díẹ̀, bí ẹni ń ta gúgúrú. Òṣìṣẹ́ Disney kan, John Basmajian, kó lára àwọn àwòrán tí wọn kò fẹ́ mọ́ lọ sílé, ó sì fi wọ́n pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1984 ni ilé gbàǹjo Christie's tà wọ́n ní New York, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ṣí ojú rí i pé iṣẹ́ ọnà ni nǹkan wọ̀nyí. Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn náà, ní 1989, àwòrán kan ṣoṣo láti inú Orphan's Benefit, kàtúùnù kékeré ti ọdún 1934, mú $286,000 wálé.

Ọdún 1989 yìí kan náà ni Disney fi ọwọ́ kun sẹ́lúlọ́ìdì fún odindi sinimá ńlá kẹ́yìn, ìyẹn The Little Mermaid. Láti 1990 ni kọ̀ǹpútà ti ń kun ọ̀dà fún wọn. Ohun tí ènìyàn kò ní ṣe mọ́ ló di ohun iyebíye.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń kó àwòrán wọ̀nyí jọ kì í fẹ́ gbọ́. Ojúlówó ni èyí tó dé abẹ́ kámẹ́rà. A máa ń rí nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a sì ń rí ihò tí wọ́n fi ń kọ́ ọ mọ́ èèkàn kí ó má baà yẹ̀. Èyí tí wọ́n tẹ̀ fún títà lásán kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀, bó ti wù kó dán tó. Ìyẹn yé wọn. Ṣùgbọ́n olówó tó ra ojúlówó sẹ́lúlọ́ìdì a máa sọ pé ọwọ́ gbajúmọ̀ ayàwòrán báyìí báyìí ni òun rà. Irọ́ ni, bí kò tilẹ̀ mọ̀ pé irọ́ ni. Ọwọ́ ayàwòrán wà lórí bébà oní-pẹ́ńsù, tó sì sábà máa ń dínwó ju sẹ́lúlọ́ìdì aláwọ̀ lọ. Ilà tó wà lórí sẹ́lúlọ́ìdì, obìnrin tí kò sí nínú àkọlé ló fà á. Ìgbà tó di 1961, nínú One Hundred and One Dalmatians, ẹ̀rọ Xerox ló ń gbé ilà pẹ́ńsù lọ sórí sẹ́lúlọ́ìdì tààrà, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin náà.

Ohun tí owó rà náà kò sì le. Sẹ́lúlọ́ìdì ìgbà àkọ́kọ́ a máa pọ́n rúsúrúsú, a máa súnkì, a sì máa tètè gbiná. Irú èyí tó rọ́pò rẹ̀ a máa rùn bí ọtí kíkan bó bá ń bàjẹ́. Ọ̀dà a máa sán, a máa ṣí kúrò. Láti 2009 ni Getty Conservation Institute ní Los Angeles ti ń bá ilé àkójọ àwòrán Disney wá ọ̀nà àtitọ́jú wọn.

Ó wá ku Tyrus Wong. Ìlú Taishan, ní ìpínlẹ̀ Guangdong, ni wọ́n bí i sí ní oṣù kẹwàá ọdún 1910. Wong Gen Yeo ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1882 ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ará Ṣáínà, nítorí náà, nígbà tí òun àti bàbá rẹ̀ rìnrìn àjò ní òpin 1920, orúkọ ẹlòmíràn ló wà lórí ìwé wọn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Ó ní láti há a sórí pé Look Tai Yow ni òun ń jẹ́. Wọ́n gba bàbá rẹ̀ wọlé, wọ́n sì dá òun nìkan dúró sí Angel Island fún bí oṣù kan, kí wọ́n tó wá bi í ní ìbéèrè tí wọ́n sì fi í sílẹ̀. Kò tún fojú kan ìyá rẹ̀ mọ́ láyé. Olùkọ́ kan ní ilé-ìwé ló yí Tai Yow padà sí Tyrus. Orúkọ tí ayé wá fi mọ̀ ọ́n, láti inú orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ ló ti yọ.

Tálákà ni bàbá náà, ṣùgbọ́n alẹ́ kan kì í lọ kó má kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ọnà ìkọ̀wé Ṣáínà. Kò sí owó tàdáwà. Búrọ́ọ̀ṣì ni ọmọ ń tì bọ omi, tó ń fi kọ̀wé sórí bébà ìròyìn àtijọ́. Omi a gbẹ, ìwé a parẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ mìíràn kíyè sí ọwọ́ rẹ̀, ó sì bá a wá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìgbà ìsinmi kan sí Otis Art Institute ní Los Angeles. Nígbà tí ìsinmi parí, ọmọ náà kọ̀, kò padà sí ilé-ìwé ti tẹ́lẹ̀. Ó ń gbá ilẹ̀ Otis, ó sì ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀.

Ní 1938 ó wọ iléeṣẹ́ Disney gẹ́gẹ́ bí ọmọ iṣẹ́ tó ń ya àwòrán àárín. Iṣẹ́ náà sú u. Ó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ṣe Bambi, láti inú ìwé Felix Salten, ó sì gbọ́ pé ọwọ́ wọn kò tíì tẹ ohun tí wọ́n ń wá. Wọ́n ń ya ewé kọ̀ọ̀kan àti ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ṣe nínú Snow White, àgbọ̀nrín sì ń sọnù sínú igbó. Wong lọ sílé, ó lo ọ̀dà olómi àti ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀, ó ya àwọn àwòrán kéékèèké lọ́nà àwọn ayàwòrán ayé ìjọba Song tí wọ́n ti ń bẹ ní ilẹ̀ Ṣáínà ní bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Kò ka ewé. Kùrukùru, òjìji, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀, àgbọ̀nrín kan láàárín. Ó gbé e fún Tom Codrick, adarí iṣẹ́ ọnà sinimá náà, Disney sì rí i, ó ní bí ó ti yẹ kí Bambi rí nìyẹn. Gbogbo àwọn tó ń ya igbó ló ń tẹ̀lé àwòrán Wong láti ìgbà náà.

Kí sinimá náà tó jáde ní 1942, Wong kò sí ní iléeṣẹ́ náà mọ́. Ìyanṣẹ́lódì ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní 1941. Kò bá wọn yan iṣẹ́ lódì, síbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n dá a dúró. Nínú àkọlé Bambi, àárín àwọn tó ya àwòrán ẹ̀yìn ni wọ́n tò ó sí. Àkọlé yẹn kan náà ni orúkọ Retta Scott wà, ẹni tó ya àwọn ajá ọdẹ tó lé àgbọ̀nrín, obìnrin àkọ́kọ́ tí Disney kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ayàwòrán ohun tó ń rìn. Ọdún mẹ́rin péré ni èyí fi tẹ̀lé lẹ́tà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan.

Wong lọ sí Warner Bros., ó sì lò tó ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n níbẹ̀. Ọdún 1946 ló tó di ọmọ onílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí wọ́n ti wọ́gi lé òfin 1882 náà ní 1943. Disney kò fi oyè ọlá dá a lọ́lá títí di 2001, ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn tí wọ́n lé e. Ní 2013, Walt Disney Family Museum ní San Francisco kó àwọn iṣẹ́ rẹ̀ síta fún ìfihàn; ó ti pé ẹni ọdún 102. Ní gbogbo àkókò ogbó rẹ̀, káìtì ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ó ń ya ọ̀kùn ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ àti labalábá, ó sì ń fi wọ́n fò ní etíkun Santa Monica níbi tí àwọn ọmọdé tí kò mọ̀ ọ́n ti ń dúró wò ó. Ní ọjọ́ 30 oṣù kejìlá ọdún 2016 ló kú, ní ẹni ọdún 106.