Ehoro Ìgbẹ́ àti Ehoro Inú Àgò

Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìkìrun, wọ́n ní kí a kọ gbólóhùn márùn-ún nípa ehoro. Mo kọ ọ́ pé ehoro máa ń gbẹ́ ihò, pé inú ihò náà ni òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé. Mo gba gbogbo máàkì. Nígbà tí mo délé, mo kà á fún bàbá mi àgbà, tí wọ́n ti ṣọdẹ rí. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Òkété lo kọ ìtàn rẹ̀ yìí. Ehoro wo ló ń gbẹ́ ihò?"

Inú bí mi, nítorí àwòrán ihò náà wà nínú ìwé wa. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìwé kò purọ́, bàbá mi àgbà náà kò sì purọ́. Ẹranko méjì ni a ń fi orúkọ kan pè.

Ehoro tí àwọn ọdẹ wa mọ̀ jẹ́ ẹran ọ̀dàn. Láti Ìkìrun lọ sí Ìnísà àti Òkukù ni igbó ńlá ti ń tán lọ, tí koríko ń gbilẹ̀. Lọ́sàn-án, ehoro yóò lúgọ sínú koríko, yóò pa etí rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Ènìyàn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ó tó fò dìde, tí yóò máa yà sọ́tùn-ún, tí yóò máa yà sósì, tí ajá ọdẹ yóò fi ré kọjá. Alẹ́ ló ń jẹun. Ọmọ rẹ̀ kì í pọ̀, ọ̀kan sí mẹ́ta ni. Lọ́jọ́ tí a bí wọn, irun ti bo ara wọn, ojú wọn sì ti là. Ìyá wọn yóò fi wọ́n sílẹ̀ nínú koríko, yóò máa wá fún wọn lọ́mú lóru. Ọmọ tó la ojú wáyé kò nílò ihò.

Ehoro inú àgò, ìyẹn rábíìtì, yàtọ̀. Sípéènì àti Pọtugí ni orísun rẹ̀. Ìhòòhò ni wọ́n ń bí ọmọ rẹ̀, ojú rẹ̀ á sì wà ní pípadé. Ìdí nìyẹn tí ìyá fi ń gbẹ́ ihò. Òyìnbó sìn ín, wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé e káàkiri ayé. Ní 1859, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Thomas Austin tú bíi 24 sílẹ̀ ní Ọsirélíà kí ó lè rí nǹkan ṣọdẹ. Wọ́n ń bí sí i títí wọ́n fi di ìyọnu fún àgbẹ̀. Láàárín 1901 sí 1907, wọ́n ta wáyà tó gùn ju 1,800 kìlómítà lọ láti dí wọn lọ́nà, ó sì já sí asán. Lọ́dọ̀ wa, inú àgò ni wọ́n wà. Orúkọ ehoro nìkan ni wọ́n gbà.

Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì Yorùbá, tó parí ní 1884, kò ṣì í: ẹranko tí kì í gbẹ́ ihò ni wọ́n pè ní ehoro nínú Lefitiku orí 11. Èrò tèmi ni pé àwòrán inú ìwé ilé-ìwé ló da ọ̀rọ̀ rú. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà náà. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà gbé àlọ́ ehoro dé ibẹ̀. Rábíìtì ló ti dà kí Joel Chandler Harris tó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ní 1880. (Àwa Yorùbá ní tiwa ti fi irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ fún Ìjàpá.)

Ogun Jálumi jà lẹ́bàá Ìkìrun ní 1878. Àwọn ará Òkukù sá wá sí Ìkìrun, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí àlàáfíà fi dé ní 1893. Lẹ́yìn náà, oko gbòòrò. Ọkọ̀ ojú irin gba àárín wa kọjá, ó dé Ìlọrin ní 1908. Igbó di oko, oko di ọ̀dàn, mo sì rò pé ehoro jèrè nínú ìyẹn. Iná ìgbẹ́ ni kò jèrè rẹ̀. Bí wọ́n bá tiná bọ ìgbẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkété á wọ ihò lọ, iná á kọjá lórí rẹ̀. Àgbà ehoro á sá. Ọmọ ehoro, tí kò mọ ààbò mìíràn ju pé kí ó má mira, kò ní mira. Ẹni tó bá gba máàkì bíi tèmi yóò rò pé ihò wà fún un.

Lọ́dún tó kọjá, mo tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n mi lọ sí oko kan lọ́nà Òkukù lẹ́yìn tí iná jó ibẹ̀. A rí ihò òkété mẹ́ta, ilẹ̀ ẹnu wọn ti tún tutù, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u. Lẹ́bàá ebè kan, a rí ibi tí ehoro máa ń sùn sí. Eérú ló kún un.