William Spratling: Ayàwòrán ilé tó di baba àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà

Ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, bíi ti ọ̀pọ̀ ìlú nílẹ̀ Yorùbá, ọjọ́ ayọ̀ ni ọjọ́ tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ bá gba òmìnira. Ọ̀gá yóò gbàdúrà fún un, yóò fa ìwé ẹ̀rí lé e lọ́wọ́, tẹbí tọ̀rẹ́ yóò jẹ, wọn yóò sì mu. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọ̀gá mìíràn máa ń rò nínú lọ́jọ́ náà tí wọn kì í sọ jáde: ọmọ tí wọ́n kọ́ yìí kò ní pẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, àwọn oníbàárà kan yóò sì tẹ̀ lé e lọ. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi máa ń fi àṣírí iṣẹ́ pamọ́ fún ọmọ iṣẹ́ wọn. Ìtàn William Spratling, ọmọ Amẹ́ríkà tó kẹ́kọ̀ọ́ ilé yíyà, àmọ́ tó jẹ́ pé ohun ẹ̀ṣọ́ fàdákà ló sọ ọ́ di olókìkí ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, yẹ létí irú àwọn ọ̀gá bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ 22, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1900 ni wọ́n bí Spratling sí Sonyea, ní ìpínlẹ̀ New York. Dókítà ni bàbá rẹ̀, òun sì ni ọ̀gá ibùdó Craig Colony, tí wọ́n dá sílẹ̀ láti máa tọ́jú àwọn tó ní àrùn wárápá. Ọmọ náà kò gbádùn òbí pẹ́. Ìyá rẹ̀ kú, bàbá rẹ̀ náà sì kú kí Spratling tó pé ọmọ ogún ọdún. Ọ̀dọ̀ àwọn mọ̀lẹ́bí ní ìpínlẹ̀ Alabama ló ti parí ìgbà èwe rẹ̀.

Alabama náà ló ti kẹ́kọ̀ọ́ ilé yíyà, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ń pè ní Yunifásítì Auburn lónìí. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lọ di olùkọ́ nípa ilé yíyà ní Yunifásítì Tulane, nílùú New Orleans. Níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mú un súnmọ́ àwọn òǹkọ̀wé. Òun àti William Faulkner jọ gbélé, wọ́n sì jọ ṣe ìwé kékeré kan jáde lọ́dún 1926. Faulkner yìí ni wọ́n wá fún ní ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1949 fún lítíréṣọ̀, irú èyí tí Wole Soyinka gbà lọ́dún 1986.

Láti ọdún 1926 ni Spratling ti ń lọ sí Mẹ́síkò nígbà ìsinmi, tó ń kọ́ni nípa àwọn ilé àtijọ́ tó wà níbẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1929, ó fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, ó kó ẹrù rẹ̀, ó sì lọ ń gbé ní Taxco, ìlú kékeré kan tó wà lórí òkè. Láti nǹkan bí irínwó ọdún ṣáájú ìgbà náà ni wọ́n ti ń wa fàdákà nílẹ̀ Taxco. Owó fàdákà ni José de la Borda, ọlọ́rọ̀ kan nínú àwọn tó ń wà á, fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Santa Prisca tó wà láàárín ìlú náà, láàárín ọdún 1751 sí 1758. Síbẹ̀, fàdákà kàn ń jáde nílùú náà ni, wọn kì í fi ṣe ọrọ̀ ajé tó máa bọ́ àwọn ọmọ ìlú. Dwight Morrow, aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ní Mẹ́síkò nígbà náà, ló pe àkíyèsí Spratling sí i. Àwọn àgbà sì ní a kì í wà létí odò ká máa fi itọ́ fọjú.

Lọ́dún 1931, Spratling ṣí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n wá mọ̀ sí Las Delicias. Kì í ṣe alágbẹ̀dẹ, nítorí náà, ó ránṣẹ́ sí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà láti ìlú Iguala tó wà nítòsí, Artemio Navarrete sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dé. Bí ayàwòrán ilé ṣe ń ya ilé sórí ìwé kí bíríkìlà tó gbé bíríkì ni Spratling ṣe ń ya ẹ̀gbà ọrùn, ẹ̀gbà ọwọ́ àti yẹtí, tí àwọn alágbẹ̀dẹ yóò wá fi iná àti òòlù sọ ọ́ di ohun tí ojú rí. Kò wo ti Yúróòpù ṣe. Àwọn àmì tí àwọn ará Mẹ́síkò ayé àtijọ́ gbẹ́ sára òkúta àti amọ̀, kí àwọn òyìnbó Sípéènì tó dé, ló gbé sára fàdákà rẹ̀, ó sì máa ń fi igi àti òkúta olówó iyebíye ilẹ̀ náà kún un.

Àwọn ọ̀dọ́ Taxco rọ́ wọ ilé-iṣẹ́ yìí, wọ́n kọ́ṣẹ́, àwọn kan nínú wọn sì di ọ̀gá. Lọ́dún 1939, Héctor Aguilar àti àwọn ọmọ ìyá kan tó ń jẹ́ Castillo kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n lọ dá ilé-iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni Antonio Pineda náà ṣí tirẹ̀. Ìlú kan náà ni gbogbo wọn wà, ọjà kan náà ni wọ́n sì ń ná. Bí ilé-iṣẹ́ fàdákà ṣe ń pọ̀ sí i ni orúkọ Taxco ń kàn sí i, tí àwọn oníbàárà sì ń wá láti ọ̀nà jíjìn.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dí ọ̀nà ọjà Yúróòpù, àwọn ṣọ́ọ̀bù ńláńlá Amẹ́ríkà kọjú sí Mẹ́síkò. Àwọn òṣìṣẹ́ Spratling di ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Iṣẹ́ ń fẹ́ owó sí i, ló bá sọ ilé-iṣẹ́ náà di kọ́ńpìnnì, ó sì ta ìpín ìdókòòwò fún àwọn ẹlòmíì. Kí ogun tó tán tán, àṣẹ ilé-iṣẹ́ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ ló gbà á lọ́wọ́ ọ̀gá. Ìwé ìpín tó fọwọ́ sí ló gbà á.

Ó padà sí oko rẹ̀ ní Taxco el Viejo, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ níwọ̀nba. Ní ìparí àwọn ọdún 1940, ìjọba Amẹ́ríkà ní kó bá àwọn ṣètò irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ onílẹ̀ Alaska. Àwọn kan wá láti Alaska kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, òun náà sì ya ọ̀pọ̀ àwòṣe fún wọn, ṣùgbọ́n owó tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ kò jáde, ètò náà sì kú síbẹ̀.

Spratling kò fẹ́yàwó, kò sì bímọ. Ọjọ́ 7, oṣù kẹjọ, ọdún 1967 ni ìjàǹbá ọkọ̀ pa á nítòsí Taxco, ìlú náà ni wọ́n sì sin ín sí. Ọdún náà ni ìwé tó kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀ jáde. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Taxco, àwọn ohun àtijọ́ tó kó jọ sì wà níbẹ̀. Baba fàdákà Mẹ́síkò ni wọ́n ń pè é.

Ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ilé-iṣẹ́ tó pe orúkọ mọ́ bọ́ lọ́wọ́ Spratling nígbà tó ṣì wà láyé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó kọ́ ọmọ ọlọ́mọ kò bọ́. Títí di òní, fàdákà ni ọ̀pọ̀ ìdílé ní Taxco fi ń jẹun. Ọ̀gá tó bá ń ṣe òmìnira fún ọmọ iṣẹ́ ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ lè fi èyí sọ́kàn nígbà tó bá ń fa ìwé ẹ̀rí léni lọ́wọ́.