Ta Ló Ni Mọ́tò Náà?

Lọ́jọ́ kejì ọdún Iléyá, àwa ọmọ ìyá mẹ́rin jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá wa ní Awo, à ń ka ìwé àdéhùn kan. Àbúrò wa fẹ́ ra tòkunbọ̀ tó máa fi gbé èrò láti Awo lọ sí Ẹdẹ àti Òṣogbo. Mílíọ̀nù márùn-ún náírà ni ọkọ̀ náà, kò sì ní tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó fẹ́ tà á ní kó san mílíọ̀nù kan sílẹ̀, kó máa san ìyókù lóṣooṣù fún ọdún mẹ́ta. Àwa yòókù ni kí a fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí onídùúró.

Torí pé iṣẹ́ sọ́fúwíà là ń ṣe, ọwọ́ wa ni wọ́n kó ìṣirò lé. A ti ṣí fóònù, a ti ń tẹ nọ́ńbà, nígbà tí Màmá Àgbà gbóhùn sókè láti inú ilé: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ní gbogbo ọdún mẹ́ta yẹn, ta ló ni mọ́tò náà?"

Kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo wa lẹ́nu.

Màmá Àgbà nídìí tí wọ́n fi béèrè. Ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ni wọ́n nígbà tí ọkọ wọn, bàbá tó bí bàbá wa, fi owó kòkó san àsansílẹ̀ lórí bọ́lẹ̀kájà kan. Bàbá san owó náà lóṣooṣù títí ó fi ku oṣù mẹ́rin péré. Lẹ́yìn òmìnira, owó kòkó já wálẹ̀. Bàbá jẹ owó oṣù méjì. Ilé-iṣẹ́ tó ta ọkọ̀ náà rán awakọ̀ wá láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wà á lọ. Ilé-iṣẹ́ náà kò dá sílè kan padà.

Láti dáhùn ìbéèrè Màmá, ó di dandan ká padà sẹ́yìn.

Kì í ṣe mọ́tò ló kọ́ Yorùbá ní àwìn. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá yá owó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó ni èlé. Owó tí wọ́n yá kò dín ní kọ́bọ̀. Ó lè sìn fún ọdún mẹ́wàá kí gbèsè náà ṣì wà bó ṣe wà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sí i. Èsúsú yàtọ̀ ní tirẹ̀: ẹ kó owó jọ, ẹnì kọ̀ọ̀kan kó tirẹ̀ bó bá kàn án, kò sí èlé. Nígbà tó yá, àwọn oníṣòwò aṣọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń pè ní Òṣómàáló ń kiri ìlú dé ìlú, wọ́n ń tàwìn. Ẹ gba aṣọ lónìí, ẹ san án díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n iye tí ẹ máa san ju ti ẹni tó mú owó wá lọ. Bí ọjọ́ bá pé tí owó kò jáde, oníṣòwò á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà yín títí yóò fi gbà á. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: aṣọ ti di tiyín. Owó ló wá gbà, kì í ṣe aṣọ.

Ti mọ́tò kò rí bẹ́ẹ̀, ilé ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ní 1895, wọ́n dá ẹjọ́ kan ní London tí wọ́n ń pè ní Helby v Matthews. Ọkùnrin kan gba dùrù, ó ń san án lóṣooṣù, àmọ́ kò tíì san án tán tó fi fi dúró fún owó tó yá. Ilé ẹjọ́ ní ẹni tó ń san owó báyìí kò tíì rajà, ńṣe ló háyà rẹ̀. Ọjọ́ tó bá san owó ìkẹyìn ló tó di tirẹ̀. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni háyà pọ́ṣéèsì dúró lé, òun ló sì tẹ̀ lé Òyìnbó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà méjì ni wọ́n kọ́kọ́ gbé síwájú aráàlú. General Motors dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ tó ń yáni lówó mọ́tò sílẹ̀ ní 1919: gbé ọkọ̀ lọ, kí o máa san án. Ní 1923, Ford ní kí èèyàn máa kó dọ́là márùn-ún sí báńkì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bó bá pé kó wá gbé ọkọ̀. Àjọ lásán ni ti Ford yẹn. Kò pẹ́ tí ti General Motors fi borí, torí ta ló fẹ́ dúró?

Nílẹ̀ wa, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi mọ́tò ná ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ní 1906. Nígbà tí kòkó mówó wọlé, lọ́rì di ohun tí gbogbo ọlọ́jà ń lépa. Ewu kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò rí: owó kòkó ni wọ́n fi ń san gbèsè ọkọ̀, kòkó kan náà sì ni ọkọ̀ ń kó. Bí ọjà bá bàjẹ́, méjèèjì bàjẹ́ pọ̀. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ tọ́ ọ wò ní àwọn ọdún 1930, nígbà tó ń ṣòwò kòkó àti ọkọ̀ akẹ́rù, tó sì jẹ́ akọ̀wé Nigerian Motor Transport Union. Ọjà kòkó bàjẹ́, gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Awo ni wọ́n pe ìwé tó fi sọ ìtàn ara rẹ̀, tó jáde ní 1960. Nígbà tá a wà ní kékeré, ìlú wa la rò pé wọ́n kọ ọ́ lé lórí.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin nílẹ̀ wọn ní 1938 pé ẹni tó bá ti san ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ láìgba ilé ẹjọ́. Wọn kò fún àwa ní irú rẹ̀. Ó di 1965, lẹ́yìn tí a ti gbòmìnira, kí Nàìjíríà tó ní òfin háyà pọ́ṣéèsì tirẹ̀. Òfin náà ṣì wà. Ó ní ẹni tó ń tajà gbọ́dọ̀ kọ iye tí ọjà náà jẹ́ ká ní owó lódidi ni èèyàn fẹ́ san. Ó ní bí ẹni tó ń ra mọ́tò bá ti san ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún gbogbo owó àdéhùn, olówó kò lè gbà á padà láìgba ilé ẹjọ́. Bó bá gbà á ní tipátipá, àdéhùn ti parí, ẹni tó ń rà á sì lè gba gbogbo owó tó ti san padà. Àmọ́ bí èèyàn bá jẹ tó owó oṣù mẹ́ta, olówó lè wa ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ láti tọ́jú rẹ̀ títí ilé ẹjọ́ yóò fi dájọ́.

Oṣù méjì ni bàbá wa àgbà jẹ. Wọ́n ti san ju ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún lọ dáadáa. Ká ní òfin ti wà nígbà yẹn ni, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀.

Ó wá kù sórí ìwé tó wà níwájú wa. Èlé ìdá 25 nínú 100 lọ́dún ni wọ́n kọ síbẹ̀, lórí mílíọ̀nù mẹ́rin tó kù. Kò yani lẹ́nu pé ó ga: èlé tí báńkì àpapọ̀ fi lélẹ̀ fún àwọn báńkì kúrò ní ìdá 11.5 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, ó di 27.5 ní ìparí 2024. Ibi tí wàhálà wà ni bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀. Bí èlé bá ń dín bí gbèsè ṣe ń dín, àbúrò wa á máa san bíi 159,000 náírà lóṣù, gbogbo èlé á sì jẹ́ bíi 1,725,000. Àmọ́ orí mílíọ̀nù mẹ́rin náà ni wọ́n ti ń ṣírò èlé títí ọdún mẹ́ta fi pé, bí ẹni pé kò tíì san nǹkan kan. Ìyẹn jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́ta náírà èlé, tàbí 194,444 lóṣù. Nọ́ńbà 25 kan náà ni, ìyàtọ̀ rẹ̀ ju mílíọ̀nù kan lọ. Ẹ rántí ìwọ̀fà: ó ń sìn, owó kò dín.

A tún ṣírò ìbéèrè Màmá. Mílíọ̀nù mẹ́jọ ni gbogbo owó àdéhùn. Ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún rẹ̀ jẹ́ 4,800,000. Oṣù ogún ló tó máa san tó bẹ́ẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, bí táyà bá bẹ́, bí ẹ́ńjìnnì bá kú, bí epo bá wọ́n, olówó lè gba ọkọ̀ náà padà.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà, èlé wọn sábà máa ń kéré sí ti báńkì, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ ti máa dáwó níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àjọ wà. Báńkì wà fún olówó oṣù. Ìdúró náà ní iye tirẹ̀ o: bí náírà bá já, tòkunbọ̀ tí ẹ ń wò á gun òkè.

A kò fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà. Àbúrò wa kó àjọ oṣù tó tẹ̀ lé e, àwa náà dáwó sí i, ó sì di mílíọ̀nù méjì àbọ̀ tó lè san sílẹ̀. Ìyókù, ọdún méjì ló máa fi san án. Ẹni tó ń tà á kò yí bó ṣe ń ṣírò èlé padà, síbẹ̀ èlé bọ́ sílẹ̀ láti mílíọ̀nù mẹ́ta sí 1,250,000. Oṣooṣù di 156,250. Ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún sì pé ní oṣù kẹjọ.

A lọ sọ fún Màmá Àgbà: títí di oṣù kẹjọ, ọlọ́jà ló lágbára lórí ọkọ̀ náà. Lẹ́yìn ìyẹn, kò lè gbà á láìgba ilé ẹjọ́. Nígbà tí owó bá tán pátápátá ló tó di tiwa.

Wọ́n ronú díẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ kọ ọjọ́ oṣù kẹjọ yẹn sára ògiri, níbi tí màá ti máa rí i."

A ti kọ ọ́ síbẹ̀.