Ọkọ̀ Morris Tí Wọ́n Ń Ká Òrùlé Rẹ̀: Ta Ló Ni Ín, Ta Ló Tún Un Ṣe?

Nínú álíbọ́ọ̀mù ìyá àgbà ọ̀kan nínú wa ní Ìsọlọ̀, fọ́tò dúdú-àti-funfun kan wà. Bàbá àgbà ni wọ́n jókòó sídìí sítíárìn, wọ́n gẹ fìlà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti ká òrùlé ọkọ̀ náà sẹ́yìn bí ẹní. Ẹ̀yìn fọ́tò náà ni wọ́n kọ 1966 sí. A béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà pé níbo ni ọkọ̀ yìí wọlẹ̀ sí. Ìdáhùn wọn ló bí àròkọ yìí.

Morris Minor ni ọkọ̀ náà. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi í han aráyé ní ọdún 1948. Alec Issigonis ló ya àwòrán rẹ̀, ìlú Oxford ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ní oríṣi méjì: èyí tí òrùlé irin wà lórí rẹ̀, àti èyí tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ aṣọ tó ṣeé ká. Nígbà tí ọdún 1960 fi máa parí, wọ́n ti ṣe mílíọ̀nù kan rẹ̀. Kò tíì sí ọkọ̀ kékeré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan tó dé ibẹ̀ rí.

Ní Èkó ayé ìgbà náà, ìjọba máa ń yá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lówó ra ọkọ̀, wọ́n á sì máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù wọn. Ọ̀nà yẹn ni bàbá àgbà gbà. Ọwọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ni wọ́n ti ra tiwọn. Ẹ ò rí i pé kí fọ́tò yẹn tó di yíyà, ọkọ̀ náà ti ní olówó méjì.

Ọkọ̀ tí a ń ká òrùlé rẹ̀ dùn ún gùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín nígbà tí a dé ibẹ̀: "Ọmọ mi, òjò Èkó kò mọ̀ pé ọkọ̀ òyìnbó ni." Omi ń gba ara aṣọ òrùlé wọlé, ó ń dúró lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀ ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Nínú ọkọ̀ tó ní òrùlé irin, òrùlé náà wà lára ohun tó di gbogbo ara ọkọ̀ mú. Nígbà tí irin kò sí lókè, ìsàlẹ̀ ló ń ru gbogbo ẹrù. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ṣe é fi fi irin kún abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí ìpẹtà bá jẹ irin yẹn tán, ọkọ̀ náà á tẹ̀ láàárín, ilẹ̀kùn kò ní pa dé mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe gbọ́dọ̀ fi igi ti ara ọkọ̀ náà kí ó tó gé irin tó ti bàjẹ́ kúrò, kó má baà wọ́. Paníbítà kan ní Òṣòdì, lẹ́bàá títì Agége Motor Road, ló ṣe iṣẹ́ yìí fún bàbá àgbà. Aránṣọ kan ló rán òrùlé tuntun.

Ni ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 bá dé. Lábẹ́ ìjọba Yakubu Gowon, Nàìjíríà kúrò ní ọwọ́ òsì títì, ó bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, gẹ́gẹ́ bí àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wa ká ṣe ń ṣe. Gbogbo ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún bá di àlejò lójú títì. Ẹlòmíràn ń wà á bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn tà á, ẹlòmíràn ní kí mẹkáníìkì gbé sítíárìn sí òdìkejì. Ti Morris ṣeé ṣe, torí wọ́n ń ṣe irú rẹ̀ fún Amẹ́ríkà pẹ̀lú. Láti 1954, àárín ni aago tó ń ka eré wà. Bàbá àgbà gbé tiwọn fún mẹkáníìkì. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n tà á fún oníṣòwò kan ní Mùṣín. Ibẹ̀ ni ìtàn náà já sí.

Nígbà yẹn, wọn kò ṣe Morris Minor mọ́. Láti 1975, Peugeot ní Kàdúná àti Volkswagen ní Ọ̀jọ́ ń to ọkọ̀ tiwọn pọ̀ nílẹ̀ wa. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ tòkunbọ̀ gba ìgboro, ọjà Ládípọ̀ sì di ibi tí à ń wá ẹ̀yà ara ọkọ̀ lọ.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn yọ. Ní ìlú Bath, Charles Ware dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ fún àtúnṣe Morris Minor. Nígbà tó yá, òun àti àwọn ará Sri Lanka jọ ṣe àdéhùn, wọ́n ń ṣe irin ara ọkọ̀ náà lọ́hùn-ún, wọ́n ń kó o ránṣẹ́. Sri Lanka, tí Gẹ̀ẹ́sì ṣàkóso bíi tiwa! Lónìí, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, ìwé ló máa kọ́kọ́ béèrè: ta ló ni ín tẹ́lẹ̀, ta ló tún un ṣe, kí ló pààrọ̀? Ìwé yẹn a máa bu owó lé ọkọ̀.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kò wọ́n wa ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀. Ìwé ni kò sí. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe Morris wà lára bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Orúkọ paníbítà tó gbà á lọ́wọ́ ikú, ìyá àgbà kò rántí mọ́; bàbá àgbà tó mọ̀ ọ́n sì ti lọ.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà yẹn ni ìtàn. Bí mẹkáníìkì tàbí paníbítà àgbà kan bá wà ládùúgbò yín, ẹ lọ kí i lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ mú bírò dání, orúkọ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ.