Akọ̀ròyìn àti Ayọ́lẹ̀wò: Ikú Oníròyìn Nàìjíríà Méjì ní Làìbéríà, 1990

Ní agbègbè Tchaourou tí mo ti dàgbà, èdè Faransé ni ìròyìn ogun fi ń wọlé tọ̀ wá láti ẹnu rédíò. Bí a bá ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn àgbà ilé, a máa ń fi journaliste sílẹ̀ bó ṣe wà. Inú ìwé ìròyìn Nàìjíríà ni mo ti wá mọ akọ̀ròyìn dáadáa, níbẹ̀ náà ni mo sì ti ka ìtàn Krees Imodibie ti The Guardian àti Tayo Awotusin ti Champion.

Ọdún 1990 ni àwọn méjèèjì lọ sí Làìbéríà. Charles Taylor ti gbé ogun wọ Nimba láti ọjọ́ 24, oṣù Kejìlá, ọdún 1989. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ ọdún 1990, ECOWAS kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun ECOMOG lọ sí Monrovia, Nàìjíríà ló sì kó sójà tó pọ̀ jù sílẹ̀. Taylor gbà pé wọ́n wá gba ìjọba mọ́ òun lọ́wọ́ ni, ó sì sọ ọmọ Nàìjíríà di ọ̀tá. Ìwé ìrìnnà tó yẹ kó dáàbò bo oníròyìn wá di ẹ̀rí tí wọ́n fi ń dá a lẹ́bi. Àwọn ọmọ ogun NPFL mú Imodibie àti Awotusin, wọ́n sì pa wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìhun ọ̀rọ̀. Akọ̀ròyìn: a- + kọ + ìròyìn. Ayọ́lẹ̀wò: a- + yọ́ + ilẹ̀ + wò. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kan náà ló sọ méjèèjì di orúkọ olùṣe. Kọ àti yọ́ ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n lójú ogun, ta ló ń rí kíkọ? Wíwò àti bíbéèrè nìkan ló hàn sí ẹni tó mú ìbọn dání: sójà mélòó ló wà níbí, ọ̀nà wo ni wọ́n gbà wá. Ohun tí ayọ́lẹ̀wò ń bèèrè náà nìyẹn. Mi ò sọ pé èdè ló pa wọ́n o. Ìbọn ló pa wọ́n.

Faransé tilẹ̀ ní envoyé spécial, ẹni tí a dìídì rán. Ẹni tí a rán ní ẹni tó rán an. Lẹ́yìn rògbòdìyàn oṣù Kẹfà ọdún 2019 ní Tchaourou, nígbà tí mo gbé ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ jáde láti gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé ta ló rán mi. Ìdáhùn mi tẹ́ wọn lọ́rùn. Kì í ṣe gbogbo ibi ni wọ́n ti ń dúró gbọ́ ìdáhùn. Ní Kidal, ọjọ́ 2, oṣù Kọkànlá, ọdún 2013, wọ́n jí Ghislaine Dupont àti Claude Verlon ti RFI gbé, wọ́n sì pa wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn Al-Qaeda tó ní àwọn ló ṣe é sọ pé Faransé ni àwọn ń gbẹ̀san lára rẹ̀. Ìwé ìrìnnà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ọjọ́ ikú àwọn méjì wọ̀nyí ṣe ọjọ́ tí gbogbo ayé ń bèèrè ìdájọ́ fún oníròyìn. Ti Imodibie àti Awotusin yàtọ̀. Ní ọdún 2003, Nàìjíríà fúnra rẹ̀ gba Taylor sí Calabar, ó sì gbé ibẹ̀ títí di ọdún 2006. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ àkànṣe dá a lẹ́bi ní ọdún 2012, tí wọ́n fún un ní ẹ̀wọ̀n 50 ọdún, ọ̀ràn tó ṣẹlẹ̀ ní Sierra Leone nìkan ni wọ́n gbọ́. Làìbéríà kò sí nínú ẹjọ́ náà.